Ọwọ́ Tó Wà Lára Ọkọ̀ Pupa Nílé Mọ́mì Déjì

Mo mọ̀ pé ẹ máa ní mo tún ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ sọ ọ́. Ìyàwó mi gan-an, Ìyá Rọ̀káyà, ti sọ ọ́, ó ní èéfín pẹtiróòlù ti wọ̀ mí lágbárí. Ṣùgbọ́n mi ò mutí, mi ò mu sìgá. Kódà àwẹ̀ ni mo gbà lọ́jọ́ náà, ẹnu tí mo sì fi gbàwẹ̀ yẹn ni mo fi ń bá yín sọ ọ́ yìí. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbà mí gbọ́ kó máa bá tirẹ̀ lọ, mi ò bẹ ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dúró, ẹ sún mọ́ mi, torí mi ò fẹ́ pariwo rẹ̀. Ọmọ ọlọ́mọ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ọmọ kan ṣoṣo lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Èmi ni mo sì fi ẹnu ara mi dárúkọ rẹ̀ fún ohun tí kò yẹ kó gbọ́ ọ.

Mekáníìkì ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní ọ̀nà Àílégún, lápá Èjìgbò. Èmi àti Múyì, rewáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, la jọ wà níbẹ̀. Kábúrétọ̀ ni iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ mí mọ́. Ọkọ̀ òde òní ò ní i mọ́, kọ̀ǹpútà ló ń fún wọn ní pẹtiróòlù mu. Àwọn tó mọ̀ ọ́n tún ṣe ti ń darúgbó, àwọn mìíràn ti padà sílé lọ dáko. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá mi kiri bí ọkọ̀ àtijọ́ bá kọ̀ tí kò jí.

Bí Mọ́mì Déjì ṣe rí mi nìyẹn. Opó ni Mọ́mì, ilé wọn wà ní Òkòtà, gáréèjì kan sì wà lẹ́yìn ilé náà. Inú ibẹ̀ ni ọkọ̀ ọkọ wọn wà. Háà, ẹ̀yin ènìyàn, ẹ ò rí ọkọ̀! Ọkọ̀ eré ni, ìjókòó méjì péré, kò lórùlé, ó pupa bí ata rodo, imú rẹ̀ gùn gbọọrọ. Dádì Déjì, tó jẹ́ ẹnjiníà, ló gbé e ti òkè òkun bọ̀ nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Ó ti kú kí n tó mọ ilé náà. Mi ò fojú kàn án rí, mi ò rí fọ́tò rẹ̀ rí.

Déjì ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá. Ó ní òun ń bọ̀ wá gbé ọkọ̀ bàbá òun, òun fẹ́ máa wà á. Mọ́mì wá ní kí n jọ̀ọ́, kí n bá àwọn jí i. Inú mi dùn gan-an ni. Kábúrétọ̀ méjì ló wà lórí ẹ́ńjìnnì yẹn, wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Táyé àti Kẹ́hìndé ni àwa máa ń pè wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Kábúrétọ̀ ni ẹ́ńjìnnì fi ń mí. Tó bá jẹ́ méjì, wọ́n gbọ́dọ̀ jọ máa mí bákan náà. Bí ọ̀kan bá ń fa atẹ́gùn ju èkejì lọ, ọkọ̀ á máa gbọ̀n, á máa wúkọ́, kò ní sáré. Òyìnbó ní ẹ̀rọ tó fi ń wọ̀n ọ́n. Èmi, rọ́bà ni tèmi, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan báyìí. Mà á ki ẹnu rẹ̀ kan sí etí, mà á fi òwú dí etí kejì, mà á wá gbé ẹnu rọ́bà tó kù sí ẹnu Táyé. Mà á gbọ́ ọ, ṣííííí. Mà á gbé e sí ti Kẹ́hìndé. Ṣííííí. Mà á máa yí súkúrù títí ohùn méjèèjì á fi dọ́gba. Bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn, òun náà ni mo sì fi ń jẹun.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, Múyì bá mi lọ. A ti fọ kábúrétọ̀ méjèèjì, a ti dè wọ́n padà, bátìrì tuntun ti wà níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì jí, ṣùgbọ́n ó ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Múyì ní iná iwájú ò tàn, òun ń lọ ra gílóòbù ní ọjà Ládípọ̀. Mọ́mì ti géètì mọ́ ọn lẹ́yìn, wọ́n fi irin há a láti inú, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀. Ó wá ku èmi nìkan nínú gáréèjì.

Ọ̀sán gangan ni. Oòrùn mú débi pé mi ò gbọ́ ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni ládùúgbò. Nígbà tí a wà lọ́mọdé ní Ìkirè, ìyá ìyá mi kì í jẹ́ ká jáde nírú àkókò yẹn. Á pè wá wọlé, á ní àwa nìkan kọ́ la ń rìn níta. A máa ń fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ níbi tó wà, kó foríjì mí.

Mo tan ẹ́ńjìnnì, bọ́nẹ́ẹ̀tì ti wà lókè. Mo fi òwú dí etí òsì, mo ki rọ́bà bọ etí ọ̀tún, mo bẹ̀rẹ̀, mo dojú kọ Táyé. Ó ń fà jù. Mo wo Kẹ́hìndé, tirẹ̀ ò tó nǹkan. Mo fọwọ́ kan súkúrù.

"Dín in kù."

Jẹ́ẹ́jẹ́ ló sọ ọ́, bí àgbàlagbà tí kò fẹ́ dójú ti ènìyàn. Mi ò tiẹ̀ nàró. Láti ibi tí mo bẹ̀rẹ̀ sí, bọ́nẹ́ẹ̀tì bo ojú mi, ṣùgbọ́n mo rí ọwọ́ kan lára ọkọ̀ lódì kejì. Ọwọ́ ọkùnrin àgbà ni. Òrùka fàdákà wà níbẹ̀, èékánná àtàǹpàkò rẹ̀ sì dúdú, ó ti là láàárín, bí ìgbà tí nǹkan wúwo ti já lù ú rí. Ìka rẹ̀ ń lu ara ọkọ̀ náà díẹ̀díẹ̀, ó ń bá ẹ́ńjìnnì lọ.

Mo rò pé ará ilé ni, bóyá àbúrò olóògbé tí Mọ́mì ní kó wá wo iṣẹ́ mi. Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ bá rò? Ilé onílé, ọ̀sán gangan, géètì wà ní títì.

Mo dín in kù.

"Díẹ̀ sí i. Táyé ń jẹ ti Kẹ́hìndé."

Wọ́láhì, inú mi dùn. Mo ní ẹni tó mọ iṣẹ́ rèé. "Ẹ ṣé, sà," ni mo sọ, mo sì ń yí súkúrù bó ṣe ń wí. Ó ń sọ̀rọ̀, mò ń yí. Gbígbọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ìwúkọ́ lọ. Ẹ́ńjìnnì wá ń dún geere, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́.

Ó wá bi mí pé, "Ta ló fẹ́ wà á?"

Ẹ gbọ́, bí wọ́n ṣe tọ́ mi, àgbà kì í bi mí ní ọ̀rọ̀ kí n dákẹ́. Mo dáhùn kíá. "Déjì ni, sà. Ọmọ inú ilé yìí."

"Déjì tèmi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ìka tó ń lu ara ọkọ̀ dúró.

"Ó dáa. Mò ń dúró dè é."

Ẹ̀rù ò tíì bà mí nígbà yẹn o, ẹ má jẹ́ kí n purọ́. Nǹkan kékeré kan ló kọ́kọ́ kọ mí lóminú. Ẹ́ńjìnnì ń dún lójú mi. Òwú wà nínú etí kan, rọ́bà wà nínú èkejì. Báwo ni mo ṣe wá ń gbọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lódì kejì bọ́nẹ́ẹ̀tì?

Mo yọ rọ́bà kúrò létí. Ariwo ẹ́ńjìnnì nìkan ni mo gbọ́.

Mo tún ki rọ́bà bọ etí. Ẹnì kan ń mí nínú rọ́bà náà. Kì í ṣe ṣííííí tí mo mọ̀. Ó ń fà á sínú, ó ń tú u síta, ó ń fà á sínú, ó ń tú u síta. Ẹ gbà mí gbọ́, kábúrétọ̀ kì í tú èémí jáde. Ó máa ń fà nìkan ni.

Ọwọ́ yẹn ò sí níbẹ̀ mọ́. Mo yí lọ sí òdì kejì. Kò sí ẹnì kankan. Eruku tó bo ara ọkọ̀ náà láti ìgbà tí ọlọ́kọ̀ ti kú ṣì wà níbẹ̀ pérépéré, kò sí àmì ìka kankan lórí rẹ̀.

Orí mi wú. Mo pa ẹ́ńjìnnì, mo ké sí Mọ́mì bí ọmọdé.

Mọ́mì sáré jáde, gèlè ò sí lórí wọn. Mo ní, "Mọ́mì, ta lẹ rán sí mi?"

"Mi ò rán ẹnikẹ́ni. Bàbá Rọ̀káyà, kí ló dé? Ta ló wà nínú ilé yìí bí kò ṣe èmi àti ẹ̀yin?"

Mo sọ ti òrùka fún wọn. Mo sọ ti èékánná dúdú tó là láàárín. Mọ́mì ò pariwo. Wọ́n kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, lórí sìmẹ́ńtì tí epo ti dà sí. Wọ́n ní jáàkì ló já lu ọwọ́ ọkọ àwọn, nínú gáréèjì yẹn náà, nígbà tí Déjì ṣì wà nílé ìwé.

"Kí ló bá yín sọ?" Ohùn wọn ti rẹlẹ̀ gan-an.

"Ó bi mí pé ta ló fẹ́ wà á."

"Kí lẹ wá ní?"

"Mo ní Déjì ni."

"Ẹ dárúkọ rẹ̀? Ẹ dárúkọ ọmọ mi?"

Mi ò lè wojú wọn. Wọ́n wá sọ ohun tí wọn ò sọ fún mi láti ọjọ́ yìí wá. Nígbà tí Dádì ń ṣàìsàn, Déjì fẹ́ ta ọkọ̀ yẹn, ó ní kí wọ́n fi owó rẹ̀ san owó ilé ìwòsàn. Bàbá gbọ́, inú bí i, kò sì bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi kú. Ọ̀rọ̀ tó sọ gbẹ̀yìn lórí ọkọ̀ náà ni pé lọ́jọ́ tí Déjì bá jókòó sínú rẹ̀, àwọn méjèèjì ló jọ ń lọ.

"Mo rò pé àìsàn ló ń sọ̀rọ̀," ni Mọ́mì wí. "Bàbá Rọ̀káyà, ọmọ mi kan ṣoṣo ni. Ọ̀la ló ń dé."

Múyì dé pẹ̀lú gílóòbù lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà ò tíì parí lẹ́nu mi tó fi sọ gílóòbù sílẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká máa lọ," ló ń wí ṣáá. Mo ní a ò ní lọ bẹ́ẹ̀. Tí ọkọ̀ ò bá lè rìn, kò sí ibi tó lè gbé ọmọ ọlọ́mọ lọ. A tú Táyé àti Kẹ́hìndé kúrò lórí ẹ́ńjìnnì, a fi àkísà dí ojú ihò tó kù, mo sì kó àwọn méjèèjì sínú àpò. Mọ́mì ní àwọn á sọ fún Déjì pé wọ́n ti bàjẹ́, pé a ń wá òmíràn. Wọn ò fẹ́ sọ òtítọ́ fún un, torí ìjà àárín bàbá àti ọmọ tí kò parí kí bàbá náà tó kú ṣì ń dun ọmọ náà.

Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ bi mí pé kí ló dé tí mi ò fi ju kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ náà nù. Èmi náà ti bi ara mi. Mekáníìkì ni mí. Kábúrétọ̀ ni mo mọ̀, kábúrétọ̀ ni mo yọ.

Nílé mi ní Ìsọlọ̀, mo ti àpò náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìyá Rọ̀káyà ní òórùn pẹtiróòlù fẹ́ pa àwọn, kí n gbé e síta. Mo ní kó fi í síbẹ̀. Ó wò mí lójú, kò sì jà mọ́. Ó mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe mí.

Déjì dé lọ́jọ́ kejì. Ó pè mí, ó kí mi dáadáa, ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ni. Ó ní Mọ́mì ti sọ fún òun pé ọkọ̀ ò tíì ṣe é gbé. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kó ṣe sùúrù. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Mo ní yóò padà sí Àbújá, ọ̀rọ̀ náà á sì rọlẹ̀.

Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, mò ń ṣe àlùwàlá fún ìrun Àìlà ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tí fóònù mi dún. Déjì ni.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ ti tún un ṣe, ẹ wá ń tan èmi àti Mọ́mì jẹ."

Mo ní, "Tún kí ni ṣe?"

"Ọkọ̀ náà! Mọ́mì ń sùn, mo kàn ní kí n jókòó sínú rẹ̀, kí n fi kọ́kọ́rọ́ dán an wò. Ó jí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo ti kọjá Apákun báyìí, mò ń lọ sọ́nà èápọ́ọ̀tù. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún!"

Mo gbọ́ ọ. Mo gbọ́ ọ dáadáa. Geere ló ń lọ, ó dọ́gba, kò gbọ̀n, kò wúkọ́. Táyé àti Kẹ́hìndé sì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ní Ìsọlọ̀.

Kẹ́ẹ̀tù àlùwàlá bọ́ lọ́wọ́ mi. "Déjì, gba etí ọ̀nà. Dúró! Bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ yẹn, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́."

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Má bi mí. Bọ́ sílẹ̀ ná!"

Mo gbọ́ ẹ́ńjìnnì, mo gbọ́ fèrè ọkọ̀ tó ń kọjá lára rẹ̀. Ó wá sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Ẹ̀gbọ́n, ta ló ń sọ pé kí n dín in kù?"

"Déjì, gbọ́ mi. Ohunkóhun tí o bá gbọ́, má dáhùn. Ẹnikẹ́ni tó bá pè ọ́, má jẹ́. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà."

Wọ́láhì, èmi náà wá gbọ́ ọ lórí fóònù. Ohùn àgbà yẹn ni, jẹ́ẹ́jẹ́, kò bínú rárá. Ó pè é bí bàbá ṣe ń pe ọmọ rẹ̀ kó wá jẹun.

"Déjì."

Mo pariwo pé má dáhùn. Múyì, tó ti sáré wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, pariwo pẹ̀lú mi. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ni, ẹ̀yin ènìyàn mi. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ ọ pé bí bàbá bá pe ènìyàn, ènìyàn kì í dákẹ́.

"Sà?" ni Déjì wí. Ó tún sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, bí ẹni tó fẹ́ sunkún: "Dádì?"

Fóònù já.

Mi ò mọ bí a ṣe gba márúwà dé Apákun. A ń bi àwọn tó ń tajà létí títì, ṣé wọ́n rí ọkọ̀ pupa kan tí kò lórùlé. Obìnrin kan tó ń ta ìpékeré ní òun rí i, ta ni ò ní wo irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀? Ó ní àwọn méjì ló wà nínú rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan àti bàbá àgbà kan.

Mo ní, "Báwo ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣe ń wa ọkọ̀ náà?"

Ó wò mí. "Òun kọ́ ló ń wà á o. Bàbá yẹn ló ń wà á. Ọmọ náà kàn jókòó jẹ́ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni."

Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni ò rí Déjì. A ò gbọ́ pé ìjàǹbá ọkọ̀ ṣẹlẹ̀, kò sí ilé ìwòsàn tí a ò dé, kò sí àgọ́ ọlọ́pàá tí Mọ́mì ò jókòó sí. Ọkọ̀ pupa bẹ́ẹ̀, nínú Èkó yìí, kò sẹ́ni tó tún rí i. Bí a bá pe fóònù Déjì, á dún. Nígbà mìíràn, wọ́n máa ń gbé e. Mi ò ní sọ ohun tí à ń gbọ́ níbẹ̀ fún yín, torí ọmọ lè wà nítòsí yín.

Múyì ti fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, ó ti padà sí Ọ̀yọ́. Èmi kì í fi rọ́bà sétí mọ́. Bí wọ́n bá gbé ọkọ̀ oníkábúrétọ̀ wá, mà á ní mi ò mọ̀ ọ́n ṣe.

Ní gbogbo ọ̀sán ni Mọ́mì máa ń pè mí. Wọn kì í bú mi. Ì bá dáa kí wọ́n bú mi. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n máa ń bi mí: "Bàbá Rọ̀káyà, ẹ ò rí ojú rẹ̀. Kí ló dé tí ẹ fi dárúkọ ọmọ mi fún un?" A ó jọ máa gbọ́ èémí ara wa títí káàdì á fi tán.

Ẹ̀yin tí ẹ gbà mí gbọ́, ẹ jọ̀ọ́. Bí ẹnì kan bá bi yín ní ọ̀sán gangan pé ta ló ni èyí, ta ló ń bọ̀, ta ló fẹ́ jókòó síbí, ẹ kọ́kọ́ gbé orí sókè. Bó ṣe ọba, bó ṣe ìmáàmù, ẹ wojú rẹ̀ ná. Tí ẹ ò bá rí ojú, ẹ jẹ́ kó pè yín ní ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́, ẹ má dá a lóhùn, ẹ má sì fún un ní orúkọ ọmọ ẹnikẹ́ni.